BÍ A ṢE LÈ PA AÁYÙ GÍGÚN MỌ́, ÀTI BÍ A ṢE LÈ MỌ̀ PÉ Ó TI BÀJẸ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ aáyù, pàápàá jù lọ aáyù tí a ti bó, tí a ti gún tàbí tí a ti lọ̀, tí a sì rọ sínú ìgò kí ó lè pẹ́ nílẹ̀.

Aáyù kì í ṣe olórí irè oko ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n nínú àgbo ju inú ọbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ó ṣòro lónìí kí a tó rí ilé ìdáná ní ìlú ńlá tí kò sí aáyù níbẹ̀. A ń fi í sè ẹran, a ń fi í se ìrẹsì, a ń fi í pa ẹja lára kí a tó yan án. Àwọn mìíràn sì ń rẹ ẹ́ sínú oyin fún ikọ́. Nítorí pé bíbó rẹ̀ a máa gba àkókò, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gún èyí tí ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn a da òróró lé e lórí, wọn a sì gbé ìgò náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Àwọn kan tilẹ̀ ti sọ ọ́ di òwò: wọn a gún aáyù pọ̀ mọ́ atalẹ̀, wọn a sì máa tà á ní ìgò kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí a dáhùn. Èkínní: ọjọ́ mélòó ni irú aáyù bẹ́ẹ̀ lè fi wà kí ó tó di ohun tí kò yẹ ní jíjẹ? Èkejì: àmì wo ni a ó fi mọ̀ pé ó ti bàjẹ́? Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì kò rí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ìbàjẹ́ kan wà tí ojú lè rí, tí imú sì lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Òmíràn wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ẹnu kò sì lè tọ́ ọ wò kí ó mọ̀ ọ́n. Èyí kejì yìí ni ó ń pa ènìyàn.

ÀPẸẸRẸ LÁTI RUMUOKWUTA

Ẹ jẹ́ kí a mú Rumuokwuta ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú àwọn Ikwerre ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor ní Ìpínlẹ̀ Rivers. "Rumu" tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, àti orúkọ àwọn ìlú mìíràn ní àyíká rẹ̀, dàbí ìgbà tí a bá wí pé "ọmọ" tàbí "ìdílé" lágbájá. Port Harcourt ti gbòòrò débi pé ó ti gbé ìlú náà mì. Àwọn Yorùbá tí iṣẹ́ tàbí òwò gbé lọ sí Port Harcourt kò kéré. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀.

Aáyù tí wọ́n ń rà ní Rumuokwuta kò hù níbẹ̀. Láti òkè Ọya ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá: Sókótó, Kẹ́bbí, Kánò àti Jígáwá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ a máa gbìn ín nígbà tí òjò bá ti dá, tí ọ̀yẹ́ sì mú kí ilẹ̀ tutù. Wọn a máa bomi rin ín, wọn a sì wú u kí òjò tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Òmíràn ń ti òkè òkun wá, pàápàá láti Ṣáínà, orílẹ̀-èdè tí ó ń gbin aáyù jù lọ ní gbogbo ayé.

Láti Sókótó dé Port Harcourt lé ní 1,000 kìlómítà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n jíjìn nìkan kọ́ ni ìṣòro ìrìn-àjò náà. Láti ilẹ̀ gbígbẹ ni aáyù náà ti ń lọ sí ilẹ̀ tí ó kún fún ọ̀rinrin. Òjò tí ń rọ̀ ní Sókótó láàárín ọdún kan kì í sábà tó 800 mìlímítà. Èyí tí ń rọ̀ ní Port Harcourt lé ní 2,000 mìlímítà. Ìlú Ìbàdàn wà láàárín àwọn méjèèjì. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni aáyù sì ń fẹ́. Orí aáyù tí ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù lórí àjà ní Sókótó kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Rumuokwuta nínú oṣù keje, nígbà tí aṣọ tí a sá sínú ilé gan-an kò fẹ́ gbẹ. Yóò rọ̀, yóò hù, tàbí kí ó bu.

Èyí ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn sáré gún un sínú òróró, kí owó wọn má baà ṣòfò. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Rumuokwuta náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìkòròdú, ní Òkìtìpupa, àti ní ibikíbi tí òjò pọ̀ sí tí iná mọ̀nàmọ́ná sì ń lọ tí ó ń bọ̀.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍGBÀ TÍ A BÁ GÚN AÁYÙ

Awẹ́ aáyù kọ̀ọ̀kan wà nínú èèpo tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀pà ti wà nínú èèpo. Níwọ̀n ìgbà tí èèpo náà bá gbẹ tí kò sì ní egbò, kòkòrò àìfojúrí kò rí ọ̀nà wọlé. Nígbà tí a bá bó o tí a sì gún un, odi ti wó. Omi tí ó wà nínú rẹ̀ tú jáde, oúnjẹ tí ó wà nínú rẹ̀ tú jáde, ìdọ̀tí tí ó wà lára èèpo, lára odó àti lára ọwọ́ wa sì dàpọ̀ mọ́ ọn.

Òtítọ́ ni pé bí a ti ń gún un, ohun méjì tí ó ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú awẹ́ náà a máa pàdé, wọn a sì di èròjà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní allicin. Òun ni ó ń ta sí wa nímú, òun náà ni ó ń ta wá ní ahọ́n. Allicin a máa pa oríṣìíríṣìí kòkòrò àìfojúrí. Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Àwọn ènìyàn a máa wí pé, "Ohun tí ó ń pa kòkòrò, báwo ni kòkòrò yóò ṣe bà á jẹ́?" Wọ́n gbàgbé pé allicin kì í pẹ́. Agbára rẹ̀ a máa dín kù lójoojúmọ́, pàápàá nínú ooru, ṣùgbọ́n omi àti oúnjẹ tí kòkòrò fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Aáyù gígún jẹ́ oúnjẹ tútù bí ata lílọ̀ ti jẹ́ oúnjẹ tútù, kò sì sí ìyàwó ilé tí yóò gbé ata lílọ̀ kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí ó máa retí pé kò ní kan.

ÌBÀJẸ́ TÍ OJÚ ÀTI IMÚ LÈ MỌ̀

Bí ẹ bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn àmì wọ̀nyí lára aáyù gígún, ẹ má ṣe jẹ ẹ́ mọ́:

1. Ó ti bu. Ohun funfun, dúdú tàbí aláwọ̀ ewé tí ó rí bí òwú ti bò ó lójú tàbí ó ti so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìgò.

2. Ó ń hó láìsí lórí iná. Ẹ ó rí i tí ìfóòfó ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ ìgò, tàbí kí ìdérí wú, tàbí kí ohun inú rẹ̀ tú jáde bí a bá ti ṣí i.

3. Òórùn rẹ̀ ti yí padà. Aáyù tí ó dára a máa ta sí imú. Èyí tí ó ti bàjẹ́ a máa rùn bí ohun kíkan tàbí ohun rírà.

4. Ó ń yọ̀, ó sì ń fà bí ilá.

5. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, ó ti di bí àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ti eérú.

Ẹ má ṣe fi ṣíbí họ ohun tí ó bu kúrò lójú rẹ̀ kí ẹ sì jẹ èyí tí ó kù nísàlẹ̀. Ohun tí ojú rí lókè ti ta gbòǹgbò dé ibi tí ojú kò rí.

Ní ti odidi aáyù, ẹ tẹ awẹ́ rẹ̀ wò. Èyí tí ó dára a máa le, a sì máa wúwo lọ́wọ́. Ẹ ya èyí tí ó rọ̀ sọ́tọ̀, àti èyí tí ó ti fúyẹ́ bí èèpo òfìfo, àti èyí tí ìyẹ̀fun dúdú tàbí aláwọ̀ ewé wà lábẹ́ èèpo rẹ̀.

OHUN TÍ KÌ Í ṢE ÌBÀJẸ́

Kí a má baà da ohun rere nù, ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu ba àwọn àmì tí ń dẹ́rù bani láìnídìí. Bí a bá fi aáyù sínú ọtí kíkan, ó lè di aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró. Èròjà inú aáyù ni ó pàdé ohun kíkan, kò léwu. Ọ̀mùnú tútù tí ó yọ láàárín awẹ́ aáyù kò léwu pẹ̀lú, bí awẹ́ náà bá ṣì le. Ó kàn lè korò díẹ̀, a sì lè yọ ọ́ kúrò. Bákan náà, òróró mìíràn a máa dì tàbí kí ó ṣú nínú òtútù. Bí ó bá kúrò nínú òtútù yóò yọ́.

ÌBÀJẸ́ TÍ KÒ NÍ ÀMÌ

Nísinsìnyí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wà ní pàtàkì. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ṣùgbọ́n ojú kò tó fún ọ̀tá tí a fẹ́ sọ yìí.

Kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé inú ilẹ̀ ní gbogbo ayé. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Clostridium botulinum. Ohun gbogbo tí a ń wú láti inú ilẹ̀ lè gbé e wálé: aáyù, àlùbọ́sà, atalẹ̀, iṣu, ànàmọ́. Nígbà tí ibi tí ó wà kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, a máa sọ ara rẹ̀ di hóró tín-ín-tín tí èèpo rẹ̀ le, a sì máa sùn. Ní ipò oorun yìí kì í sábà ṣe àgbàlagbà ní ibi kankan. Ṣùgbọ́n hóró náà le púpọ̀. Omi híhó kì í pa á; a lè sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó ṣì wà láàyè.

Ohun mẹ́rin ni ó ń jí i lójú oorun bí wọ́n bá pé jọ: ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, omi, ohun tí kò kan, àti ooru bí irú èyí tí ń bẹ nínú ilé wa.

Ẹ wá wo ìgò aáyù tí a fi òróró bò. Òróró ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Omi wà nínú aáyù fúnra rẹ̀. Aáyù kò kan tó láti lé kòkòrò náà. Ilé sì ń gbóná. Ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pé. Òróró tí a rò pé ó ń dáàbò bo aáyù ni ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ọ̀tá. Epo nìkan nínú kèǹgbè kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé kò sí omi nínú rẹ̀. Omi tí aáyù gbé wọ inú òróró ni ó mú ìyàtọ̀ wá.

Bí kòkòrò náà bá jí, a máa tú májèlé sínú oúnjẹ. Májèlé yìí wà lára àwọn tí ó lágbára jù lọ tí ènìyàn mọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ojú kò lè rí tó láti dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Àìsàn tí ó ń fà ni àwọn oníṣègùn ń pè ní botulism. Aáyù náà lè máa ta sánsán, kí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ bí ti ọjọ́ tí a gún un, kí májèlé sì ti kún inú rẹ̀.

Èyí kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 1985, ní ìlú Vancouver ní orílẹ̀-èdè Kánádà, àwọn ènìyàn 36 tí wọ́n jẹun ní ilé oúnjẹ kan ṣoṣo ni botulism kọlù. Nígbà tí àwọn olùwádìí tọpa rẹ̀, aáyù gígé wẹ́wẹ́ nínú òróró ẹ̀wà sóyà ni wọ́n bá nídìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti kọ ọ́ sára ìgò pé inú òtútù ni kí a máa pa á mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó burú jù ni pé àwọn oníṣègùn tí wọ́n kọ́kọ́ rí àwọn aláìsàn náà rò pé àìsàn mìíràn ni, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fura sí aáyù.

Ní ọdún 1989, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà: ènìyàn mẹ́ta ni aáyù inú òróró dá dùbúlẹ̀. Láti ọdún náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ta aáyù nínú òróró gbọ́dọ̀ fi èròjà kíkan sí i. Nítorí náà, ìgò aáyù tí a rà ní ilé ìtajà, tí a ti fi èròjà kíkan sí, kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí a gún nílé. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ ti ọ̀kan ka ti èkejì.

BÍ ÀÌSÀN NÁÀ ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

Àìsàn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 36 lẹ́yìn tí a ti jẹ májèlé náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kí ó pẹ́ tó ọjọ́ mélòó kan. Ìpéǹpéjú aláìsàn yóò wúwo, yóò sì máa bọ́ sílẹ̀. Yóò máa rí ohun kan bíi méjì. Ẹnu rẹ̀ yóò gbẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò máa lọ́, itọ́ kò sì ní rọrùn fún un láti gbé mì. Lẹ́yìn náà ni àìlágbára yóò máa sọ̀ kalẹ̀ láti ojú sí ọrùn, sí apá, àti sí ẹsẹ̀. Bí ó bá dé àyà, kò ní lè mí. Ara rẹ̀ kì í sábà gbóná, ọkàn rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ó mọ ohun gbogbo tí ń ṣẹlẹ̀ sí i.

Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má ṣe jókòó máa wí pé àwọn ayé ni wọ́n ń bá a jà. Ẹ má ṣe rọ àgbo sí i lẹ́nu, nítorí ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì lè ti ibẹ̀ pàdánù ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, ẹ sọ ohun tí ó jẹ fún oníṣègùn, kí ẹ sì mú ìgò náà dání bí ó bá ṣì wà. Oògùn tí ń dá májèlé náà dúró wà, ṣùgbọ́n kí a tètè lò ó ni ó dára.

ÀWỌN Ọ̀NÀ ÌPAMỌ́ TÍ Ó DÁRA

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí olúkúlùkù yan èyí tí ó bá agbára rẹ̀ mu.

Èkínní: ẹ pa á mọ́ ní odidi. Èyí ni ó dára jù lọ, kò sì ń ná wa ní owó. Orí aáyù tí a ti sá gbẹ dáadáa lẹ́yìn tí a wú u, tí a kò fọ̀, tí kò sì ní egbò, ni kí ẹ yàn. Ẹ fi í sínú àpò oníhò tàbí agbọ̀n, kí ẹ sì gbé e kọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí oòrùn kò ti pa á, tí ó sì jìnnà sí ààrò àti sí ìkòkò omi. Ẹ má ṣe dì í sínú ọ̀rá. Ọ̀rá a máa mú un làágùn. Ẹ má ṣe kó odidi orí rẹ̀ sínú fìríìjì, nítorí òtútù àti ọ̀rinrin ibẹ̀ a máa mú un hù. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣà á, kí ẹ yọ èyí tí ó rọ̀ kúrò kí ó má baà ran àwọn tí ó kù. Èyí tí ó fẹ́ hù ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ se ọbẹ̀, ẹ bó ìwọ̀nba tí ẹ nílò, kí ẹ sì gún un lọ́jọ́ náà.

Èkejì: ẹ sọ ọ́ di gbígbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ti ń ṣe èlùbọ́ kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Ẹ bó aáyù, ẹ rẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì sá a lórí àtẹ mímọ́ nínú oòrùn ọ̀yẹ́, tàbí kí ẹ lo ẹ̀rọ ìsánǹkan tí ooru inú rẹ̀ tó ìwọ̀n 60 Sẹ́ńtígíréèdì. Yóò gbẹ títí tí yóò fi máa dá pàkà bí a bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó bá ṣì ń tẹ̀ láìdá kò tí ì gbẹ tó. Ní ìgbà òjò, oòrùn Port Harcourt àti ti etí òkun kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún iṣẹ́ yìí. Aáyù yóò bu kí ó tó gbẹ. Ẹ kó èyí tí ó gbẹ sínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ le, kí ẹ sì máa lọ ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́ lò. Ibi tí kò sí omi, kòkòrò kò lè jí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹ lo ọtí kíkan, èyí tí wọ́n ń pè ní fínígà ní ilé ìtajà. Kí ó jẹ́ èyí tí a kọ sára rẹ̀ pé kíkan rẹ̀ tó ìdá 5 nínú 100, kí ẹ má sì ṣe fi omi là á. Ẹ bó awẹ́ aáyù, ẹ kó o sínú ìgò mímọ́ tí ó ti gbẹ, kí ẹ sì da fínígà lé e títí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. Nínú fìríìjì, ó lè wà tó oṣù mẹ́rin. Bí ó bá bu lójú tàbí tí ìfóòfó hàn lórí rẹ̀ kí ó tó di ìgbà náà, ẹ dà á nù. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò lè rọ́pò fínígà níbí, nítorí pé kíkan ọ̀kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì.

Ẹ̀kẹrin: ẹ sọ ọ́ di yìnyín. Bí ẹ bá ti gún un tán, pẹ̀lú òróró tàbí láìsí òróró, ẹ pín in sí ìwọ̀n tí ó tó ìkòkò ọbẹ̀ kan, kí ẹ sì kó o sínú fìrísà lójú ẹsẹ̀. Yóò wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òtútù náà kò pa kòkòrò, ó kàn dá a dúró ni. Nítorí náà, èyí tí ẹ bá yọ síta, ẹ sè é lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe dá a padà.

Ẹ̀karùn-ún: bí ó bá di dandan pé kí ẹ fi í sínú òróró, tí kò sì sí ọtí kíkan nínú rẹ̀, inú fìríìjì tí ó tutù dé ìwọ̀n 4 Sẹ́ńtígíréèdì ni ààyè rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin péré sì ni. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gún un sára ìgò. Bí ọjọ́ kẹrin bá pé, ẹ dà á nù, ì báà máa ta sánsán, ì báà máa dán. Kíka ọjọ́ ni ó ń gbani níbi tí imú kò lè gbani. Aáyù gígún tí kò ní òróró nínú fìríìjì, ẹ fi ọjọ́ kan náà kà á. Òfin yìí kan atalẹ̀ gígún àti ewé efinrin tí a rẹ sínú òróró pẹ̀lú.

NÍGBÀ TÍ INÁ BÁ LỌ

Ẹnì kan ní Rumuokwuta lè wí pé, "Èmi ní fìríìjì, kí ni mo ń bẹ̀rù?" A bi í léèrè: ṣé iná wà nínú fìríìjì náà? Fìríìjì tí kò ní iná jẹ́ àpótí lásán. Bí a kò bá ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó lè mú òtútù rẹ̀ dání fún bí wákàtí mẹ́rin. Fìrísà tí ó kún lè mú tirẹ̀ dání fún bí ọjọ́ méjì. Èyí tí ó kún dé ìdajì, bí ọjọ́ kan. Bí iná bá lọ láti àárọ̀ di alẹ́, tí ohun inú fìríìjì sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, aáyù inú òróró tí ó wà níbẹ̀ ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Mímú tí iná mú òtútù padà kò lè mú májèlé tí ó ti jáde kúrò. Níbi tí iná kò bá dúró, ọ̀nà èkínní àti èkejì ni kí ẹ dì mú.

ẸNI TÍ Ó BÁ Ń TÀ, ÀTI ẸNI TÍ Ó BÁ Ń RÀ

Ẹ̀yin tí ẹ ń gún aáyù tà, ẹ̀mí àwọn oníbàárà yín wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe ta aáyù inú òróró tí ó ti wà nínú oòrùn lórí àtẹ. Ẹ ta odidi, tàbí kí ẹ ta èyí tí ó gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di òwò ńlá, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn onímọ̀ ìpamọ́ irè oko. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìpamọ́ irè oko, NSPRI, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ní ẹ̀ka ní Port Harcourt pẹ̀lú. Ẹ sì gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí agbára, ẹ kà á bóyá èròjà kíkan wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì wádìí bóyá inú òtútù ni ẹni tí ń tà á gbé e sí.

Ní ti aáyù inú oyin tí àwọn kan ń lò fún ikọ́, ẹ má ṣe fi í fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan. Hóró kòkòrò tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè lè wà nínú oyin fúnra rẹ̀, inú ọmọ jòjòló kò sì tí ì ní agbára láti borí rẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ DA ÈYÍ TÍ Ó BÀJẸ́ NÙ

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa ìgò kan, ẹ má ṣe tọ́ ọ wò. Òtítọ́ ni pé sísè tí omi ń hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá a máa ba májèlé náà jẹ́, bí kò tilẹ̀ pa hóró kòkòrò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí èyí gba ohun tí ẹ fura sí là. Owó aáyù kò tó owó ìtọ́jú, kò sì tó ẹ̀mí. Ẹ dé ìgò náà pa, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ má ṣe dà á sí ààtàn níbi tí adìẹ ń jẹ̀. Májèlé yìí a máa pa adìẹ pẹ̀lú, ọrùn wọn a sì rọ jọwọlọ kí wọ́n tó kú. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, odó, ẹ̀rọ ìlọta àti ṣíbí tí ó kàn án.

Ẹ̀yin ará wa, ohun tí a fẹ́ kí ẹ rántí kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí aáyù wà nínú èèpo rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó. Èyí tí ẹ bá ti gún, kò gbọdọ̀ sùn nínú òróró níta. Èyí tí ó wà nínú òtútù, ẹ ka ọjọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Port Harcourt, ní Èkó, tàbí ní ibòmíràn tí wọ́n ti ń gún aáyù sínú ìgò, ẹ ka ìwé yìí sí wọn létí, nítorí pé imú wọn kò ní sọ ọ́ fún wọn.